Ogún ọmọbìnrin ní Mòrókò: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba Mòrókò kéde àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ ṣe sí Mudawwana, ìyẹn òfin ẹbí wọn. Àwọn kan pín in kiri pé ọkùnrin àti obìnrin ti dọ́gba níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn àáfà ti dá a dúró. Kò sí èyí tó parọ́ tán nínú wọn, kò sì sí èyí tó sọ òótọ́ tán.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ọba Mohammed VI gbé ìbéèrè 17 síwájú ìgbìmọ̀ àgbà àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn. Wọ́n fọwọ́ sí èyí tó pọ̀ jù. Mẹ́ta ni wọ́n kọ̀: kí wọ́n fi àyẹ̀wò DNA mọ bàbá ọmọ, kí Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí máa jogún ara wọn, àti kí wọ́n fòpin sí ta'sib.

Kí ni ta'sib?

Òfin tó ń gbé ìyókù ogún fún ìbátan ọkùnrin tó sún mọ́ òkú jù lọ ni. Ká ní bàbá kan kú ní Rabat, tí kò ní ìyàwó mọ́, tí àwọn òbí rẹ̀ náà ti kú, tó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti 600,000 dírámù sílẹ̀. Ọmọ á gba 300,000, àbúrò bàbá á kó 300,000 yòókù. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin méjì ló bí, wọ́n á pín 400,000, àbúrò bàbá á mú 200,000. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni ọmọ náà, àbúrò bàbá ò ní rí kọ́bọ̀. Nígbà míì, ilé tí ọmọ náà ń gbé ni gbogbo ogún, àbúrò bàbá tí kò yà síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ á sì wá máa ka iye yàrá.

Ṣé Àlùkùránì ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ìdajì tí ọmọbìnrin ń gbà wà nínú Súrátù Nisáì, ẹsẹ 11. Pé kí ìyókù lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó sún mọ́ òkú jù lọ, inú hàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Ibn Abbas gbà wá ló ti jáde. Àwọn Ṣíà, ìjọ Mùsùlùmí tó yàtọ̀ sí ti Súnnì tó pọ̀ jù, ò tẹ̀ lé e: lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọbìnrin ló ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí àwọn bàbá Súnnì kan ní Lẹ́bánónì lọ di Ṣíà lórí ìwé. Ìfẹ́ ọmọ ò kéré.

Kí ni àwọn obìnrin tó ń bèèrè ìdọ́gba gbé ọ̀rọ̀ wọn lé?

Taohíìdì ni, ìyẹn ìgbàgbọ́ pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ló wà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì wọ́n gbọ́, tí wọ́n rò pé ilẹ̀ Òyìnbó ni wọ́n ti kó o wá. Amina Wadud, Mùsùlùmí aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé rẹ̀ lórí obìnrin nínú Àlùkùránì jáde ní 1992. Ohun tó dúró lé ni pé Ọlọ́hun nìkan ló ga ju gbogbo ẹ̀dá lọ. Ọkùnrin tó bá wá fi ara rẹ̀ sáàárín obìnrin àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ti ń du ipò tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n tún ń tọ́ka sí ẹsẹ àkọ́kọ́ Súrátù Nisáì, pé ẹ̀mí kan náà la ti dá gbogbo wa. Wọ́n á sì rán yín létí Ummu Salama, ìyàwó Ànábì, tó bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń dárúkọ ọkùnrin láì dárúkọ obìnrin. Ìdáhùn tó sọ̀ kalẹ̀ ni Súrátù Ahsaab, ẹsẹ 35, tó ka ọkùnrin àti obìnrin ní méjì-méjì, tó sì ṣèlérí ẹ̀san kan náà fún wọn.

Wọn ò ní ká ju Àlùkùránì nù o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òye tí àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ ní kì í ṣe ìmísí. Ṣùgbọ́n ó ń ná wọn ní nǹkan: Asma Lamrabet, dókítà ọmọ Mòrókò, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kan ní Rabat ní 2018 nítorí ọ̀rọ̀ ogún yìí gan-an.

Ẹsẹ 34 nínú Súrátù Nisáì, tó fi ọkùnrin ṣe alábòójútó obìnrin, ńkọ́?

Ẹsẹ tí gbogbo ọkọ mọ̀ sórí! Wọ́n ní ẹsẹ náà so ó mọ́ owó tí ọkùnrin ń ná, apá tí àwọn ọkọ kan kì í kà dé.

Ṣé àwọn àáfà tó kọ̀ ò ní ẹ̀rí ni?

Wọ́n ní in. Hàdíìsì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ Súnnì, mádíhábì wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ọ̀nà ìtumọ̀ òfin ẹ̀sìn, ló sì fara mọ́ ọn.

Ṣé ó máa kàn wá nílẹ̀ Yorùbá?

Òfin Mòrókò ò kọjá Mòrókò. Nínú àṣà tiwa, yálà ìdí igi ni wọ́n fi pín in tàbí orí ò jorí, ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Ẹbí tó bá ní Ṣàríà ni kí wọ́n fi pín tàwọn ni ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá yìí kàn.

Obìnrin nìkan ni mo bí, Ṣàríà ni wọ́n sì máa fi pín tèmi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má gbójú lé ìwé ìhágún: kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní yín, wọn kì í sì í ṣe é fún ẹni tó ti ní ìpín nínú ogún. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ Mòrókò fúnra wọn là ni ẹ̀bùn nígbà tí ẹ wà láàyè. Mádíhábì Màlíkì, tí àwa náà ń tẹ̀ lé, le lórí èyí: ẹ̀bùn tí ọwọ́ ọmọ ò tíì tẹ̀ kí bàbá tó kú, inú ogún ló ń padà sí. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì kó ìwé ilé àti kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ yín lọ́wọ́ nísinsìnyí.