Bí omi inú vongole ṣe ń di ọbẹ̀ spaghetti ní Naples

Ẹni tí ò bá tíì jẹ spaghetti alle vongole rí, tó bá kọ́kọ́ rí i nínú abọ́, á bi ẹni tó gbé e wá pé ọbẹ̀ dà. Kò sí tòmátò rẹpẹtẹ, kò sí ẹran, kò sí kírímù, spaghetti lásán ló wà ńbẹ̀ pẹ̀lú ìkarahun wẹ́wẹ́ tó lanu sílẹ̀ àti pásílì tí wọ́n gé sí i. Ọbẹ̀ wà ńbẹ̀ o. Omi tó jáde látinú ìkarahun yẹn gan-an lọbẹ̀, gbogbo wàhálà tí àwọn ará Naples, ní Ítálì, ń ṣe nídìí gáàsì ò sì ju kí omi yẹn má ní yanrìn, kó má níyọ̀ jù, kó sì lẹ̀ mọ́ spaghetti dípò kó máa ṣàn káàkiri ìsàlẹ̀ abọ́.

Vongole yìí, ẹran omi kékeré tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì tó pa dé pinpin ni, inú yanrìn ìsàlẹ̀ òkun àti ọ̀sà ló máa ń sá pamọ́ sí. Vongole veraci, ìyẹn vongole gidi, ni wọ́n ń wá kiri jù, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ́jà Ítálì lónìí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ rárá, ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, ọdún 1983 ni wọ́n gbé e wá sínú ọ̀sà Venice, ó bí sí i, ó rẹ̀ sí i, débi pé ìlú bíi Goro, níbi tí odò Po ti ń ya wọ òkun, fi ọ̀sìn ẹ̀ jẹun. Nígbà tó di 2023, akàn búlúù kan tó jẹ́ ti etíkun Amẹ́ríkà ya bo ibẹ̀, ó ń fọ́ ìkarahun àwọn ọmọ vongole, ó ń jẹ wọ́n ní àjẹrun, ìjọba Ítálì ní láti yọ mílíọ̀nù 2.9 owó yúrò sílẹ̀ kí wọ́n lè máa kó akàn náà kúrò lómi. Nǹkan tí wọ́n ń bá akàn du báyẹn, kéèyàn rà á kó wá tún fi yanrìn bà á jẹ́, ìyẹn ti pọ̀ jù.

Yanrìn yìí gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́. Bí vongole ṣe ń jẹun ni pé ó máa ń fa omi òkun wọlé, á sẹ́ oúnjẹ tó wà nínú omi náà, á tú ìyókù jáde, yanrìn á sì máa bá a wọlé. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀ tí wọ́n bá rà á délé, nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 sí lítà omi kan, torí bí omi òkun ṣe sábà máa ń níyọ̀ tó nìyẹn, wọ́n á gbé e síbi tó tutù fún wákàtí mélòó kan, òun fúnra ẹ̀ á máa fa omi á máa tú u, yanrìn á máa bá a jáde díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ fi omi ẹ̀rọ tí ò níyọ̀ rẹ ẹ́, ńṣe ló máa ti ara ẹ̀ mọ́lé títí á fi kú, yanrìn á sì wà ńbẹ̀ digbí. Ẹ má sì gbé abọ́ yẹn dà sínú asẹ́ o, yanrìn tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ á tún dà lé wọn lórí padà, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi kó wọn kúrò nínú omi.

Àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ò ní gbà pé ó tán síbẹ̀. Wọ́n á mú un ní kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ẹnu ẹ̀ gbá orí pátákó tí wọ́n fi ń gé nǹkan, èyí tó wà láàyè á pa ẹnu mọ́ gbágbá, èyí tó ti kú tí ẹrẹ̀ dúdú kún inú ẹ̀ á là, á da ẹrẹ̀ sílẹ̀. Ẹyọ kan péré irú ẹ̀ tó bá bọ́ sínú páànù ti ba ti gbogbo ilé jẹ́. Ó máa ń súni o, kílò kan vongole kì í ṣe kékeré, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni kò yẹ kéèyàn fò.

Tó bá wá kan iná, kíákíá ni. Òróró ólífì á wọ páànù tó fẹ̀, áyù ẹyọ kan tàbí méjì tí wọ́n tẹ̀ fọ́ díẹ̀ á tẹ̀ lé e, ata gbígbẹ tó bá wu èèyàn, tí áyù bá ti ń ta sánsán tí ò sì tíì pọ́n, vongole á wọlé, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fẹ iná sókè. Iṣan kan wà nínú ẹran yẹn tó di ìkarahun méjèèjì mú, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti so pọ̀ tó ń tì wọ́n pé kí wọ́n ṣí, tí ooru bá ti mú iṣan náà, á jọ̀wọ́, ìkarahun á ṣí, omi inú ẹ̀ á dà sí páànù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Èyí tó bá ti ṣí ni kí wọ́n máa yọ, torí tó bá pẹ́ lórí iná ẹran ẹ̀ á yi, èyí tó bá sì kọ̀ tí ò ṣí, ẹ sọ ọ́ nù jàre. Omi tó kù nínú páànù ni wọ́n á wá fi aṣọ tó mọ́ sẹ́, bóyá yanrìn kan ṣì sá pamọ́.

Omi tí wọ́n fi ń se spaghetti, bíi gíráàmù iyọ̀ 10 sí lítà kan ni wọ́n sábà máa ń lò, níbí wọ́n á dín in kù dáadáa, torí vongole ti gbé iyọ̀ tiẹ̀ bọ̀ látòkun. Spaghetti tí ara ẹ̀ rí ṣákiṣàki ló dáa jù, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Gragnano nítòsí Naples, tí wọ́n ń ti ìyẹ̀fun ẹ̀ gba ojú ihò onídẹ jáde. Tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó jinná ni wọ́n ti máa kó o sínú páànù tí omi vongole wà, ibẹ̀ ló ti máa parí jíjinná, wọ́n á máa jù ú sókè, wọ́n á máa rò ó, wọ́n á máa bu omi spaghetti sí i tó bá ń gbẹ jù. Epo àti omi kì í gbọ́ra wọn yé, sítáàṣì tó ń jáde lára spaghetti ló ń bá wọn làjà, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi rí i tí omi páànù á ki díẹ̀ bí omi ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dì, tí epo ò sì ní léfòó mọ́. Àwa tá a máa ń fi omi tútù ṣan spaghetti tá a bá bọ̀ ọ́ tán kó má ba à lẹ̀ mọ́ra, ohun tó yẹ kó di ọbẹ̀ la ń dà sí síńkì yẹn o! Lẹ́yìn náà ni vongole á padà wọlé pẹ̀lú pásílì àti òróró ólífì tútù díẹ̀, wọ́n á paná.

Ìjà wà lórí ìyókù. Àwọn kan ń bu wáìnì funfun sí i kí wọ́n tó dé vongole, àwọn míì ní kò sóhun tó kàn án. Tòmátò wẹ́wẹ́ mélòó kan ò burú, àwọn kan tiẹ̀ ń sè é ní pupa. Ṣíìsì ni ọ̀pọ̀ wọn ò ní gbà fún yín láéláé, adùn òkun tí wọ́n torí ẹ̀ sẹ́ omi, ṣíìsì á bò ó mọ́lẹ̀. Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Kérésì, tí wọn kì í jẹ ẹran, ni oúnjẹ yìí máa ń wà lórí tábìlì jù ní Naples.

Kílò kan vongole sí spaghetti bíi gíráàmù 350 tó èèyàn mẹ́rin. Kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó kẹ́ ẹ tó paná o, torí tí spaghetti bá fi lè dúró, á fa gbogbo omi yẹn mu, tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ gbé e kaná lọ́jọ́ kejì, vongole á yi, spaghetti á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.