Nẹ́búlà Ẹyinjú Ológbò

Nẹ́búlà Ẹyinjú Ológbò, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ NGC 6543, jẹ́ ìkúùkuu gáàsì tó ń tàn láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ Draco, ní apá àríwá ojú ọ̀run. William Herschel ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1786. Nẹ́búlà pílánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ lásán nìyẹn: ohun kan ṣoṣo tó pa á pọ̀ mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì ni pé ó rí roboto nínú tẹlisíkóòpù ayé ìgbà náà.

Ìràwọ̀ tó ń kú ló bí i. Bí ìràwọ̀ tó jọ Òòrùn bá ti jó háídrójìn inú rẹ̀ tán, á wú, á pọ́n, á sì máa tú ara rẹ̀ dànù sí òfurufú títí inú rẹ̀ tó gbóná yóò fi hàn síta. Ìràwọ̀ àárín NGC 6543 gbóná tó nǹkan bí 80,000 kélvìn (ìwọ̀n ooru), ìtànṣán ultraviolet rẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí ló sì ń mú gáàsì náà tàn.

Láàárín gan-an ni àpò kan wà tó rí bí ẹyin, tí afẹ́fẹ́ líle láti ara ìràwọ̀ náà fẹ́ wú. Chandra, tẹlisíkóòpù tó ń fi ẹ́ksíréè wo ọ̀run, fi hàn pé gáàsì tó gbóná dé mílíọ̀nù kélvìn ló wà nínú rẹ̀. Òrùka bíi mọ́kànlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yí apá inú yìí ká nínú àwòrán tí wọ́n fi Hubble, tẹlisíkóòpù tó wà ní òfurufú, yà, tó jáde ní 2004. Òrùka kọ́ ni wọ́n ní tòótọ́. Àpò roboto bíi bọ́ọ̀lù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Etí rẹ̀ ló mọ́lẹ̀ jù nítorí pé ibẹ̀ ni gáàsì ti pọ̀ jù lójú ọ̀nà tí a gbà ń wò ó. Nǹkan bí 1,500 ọdún ni wọ́n ṣírò sí àárín ìtújáde kan àti òmíràn. Ìṣe ìràwọ̀ náà wá yí padà lójijì, apá inú tó lọ́pọ̀ bí okùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fura sí ìràwọ̀ kejì tó ń bá a yípo, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú.

Ní 1864, William Huggins fi gíláàsì tú ìmọ́lẹ̀ nẹ́búlà yìí sí àwọ̀ rẹ̀. Dípò òṣùmàrè, ìlà ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló rí, ìyẹn ló sì fi mọ̀ pé gáàsì ni. Wọ́n ka ìlà tó mọ́lẹ̀ jù, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 500.7 nánómítà, sí ti èròjà tuntun kan, títí Ira Bowen fi fi hàn ní 1927 pé ọ́ksíjìn tó pàdánù ẹ̀lẹ́ktrọ́nù méjì ni.

Asẹ́ tó ń jẹ́ kí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo kọjá ni wọ́n fi ń ya àwòrán nẹ́búlà náà. Nínú àwòrán Hubble ti 1994 tó lókìkí, háídrójìn ni pupa, ọ́ksíjìn ni búlúù, náítrójìn sì ni àwọ̀ ewé. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé pupa ni ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ènìyàn: 656.3, 630.0 àti 658.4 nánómítà. Ìyàtọ̀ èròjà ni àwọ̀ yẹn ń sọ, kì í ṣe bí nẹ́búlà náà ṣe rí lójú.

Ìṣòro ńlá ayàwòrán ni ìkúùkuu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lóde pátápátá, tó fẹ̀ ju apá inú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ṣí kámẹ́rà fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó lè hàn, àárín á di funfun gbòò. Ni wọ́n ṣe ń pa àwòrán kúkúrú àti ti gígùn pọ̀. Ìdì gáàsì kan níbẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ó gba nọ́ńbà tirẹ̀, IC 4677.