Ère olórí àti ère aláìlórí: bí ọgbà ìrántí Nkrumah ṣe ń sọ ìtàn ní Accra

Ẹni tó bá wọ ọgbà ìrántí Kwame Nkrumah, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè Ghana, ní Accra, tó ya fọ́tò níwájú ère ńlá, tó sì jáde, kò tíì rí ìdajì ohun tó sanwó rẹ̀.

Látorí ilẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Pápá tí àwọn Òyìnbó amúnisìn ti ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù póló ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní High Street, nítòsí òkun. Orí pápá yìí kan náà ni Nkrumah dúró sí lóru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957, tó kéde pé Ghana ti gba òmìnira. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sin ín síbẹ̀.

Lẹ́yìn géètì, omi lèèyàn máa kọ́kọ́ rí, tí ère àwọn afọnfèrè lóṣòó sínú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni ń fi fèrè pàdé ọba tó ń bọ̀. Iwájú ni ère idẹ Nkrumah wà, ó na ọwọ́ síwájú. Àkọmọ̀nà ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, CPP, pé iwájú ni a ó máa lọ, a kò ní padà sẹ́yìn, ni ọwọ́ yẹn ń sọ. Yorùbá á ní iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí.

Ẹ̀yìn ère yìí ni ibojì wà. Don Arthur ló ya àwòrán ilé náà, òkúta mábù ni wọ́n sì fi bò ó lára. Ó rí bí idà tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, èyí tó jẹ́ àmì àlàáfíà lọ́dọ̀ àwọn Akan, ẹ̀yà kan ní Ghana. Òkú tó wà nínú rẹ̀ rìn jìnnà kó tó débẹ̀. Bucharest, ní Romania, ni Nkrumah kú sí ní oṣù Kẹrin ọdún 1972. Wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí Conakry, olú ìlú Guinea, níbi tí Ààrẹ Sékou Touré ti gbà á sílé nígbà tó di ìsáǹsá. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n hú u lọ sí Nkroful, ìlú tí wọ́n bí i sí, kó tó wá di ará Accra lọ́dún 1992. Fathia, ìyàwó rẹ̀ ọmọ Íjíbítì, tó kú lọ́dún 2007, sùn tì í.

Ohun tó ju gbogbo rẹ̀ lọ níbẹ̀ ni ère kejì, tí kò lórí. Nígbà tí àwọn ológun fipá gbàjọba ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1966, Nkrumah wà lójú ọ̀nà Hanoi, ní Vietnam. Àwọn èèyàn ya lu ère rẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n wó o lulẹ̀. Ẹnì kan gbé orí rẹ̀ pa mọ́, kò sì dá a padà títí di ọdún 2009. Wọn ò jó o mọ́ ọrùn. Ara dá dúró, orí náà dá dúró. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí bí wọ́n bá tún un ṣe, ère kan lásán ni ì bá jẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Mùsíọ́ọ̀mù, tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì ṣí padà lọ́dún 2023, ló kó àwọn ẹrù rẹ̀ àti fọ́tò òun pẹ̀lú àwọn olórí ayé pamọ́. Àmọ́ fọ́tò kò lè sọ ìdí tí ìlú fi yọ̀ nígbà tí ère wó. Òfin ọdún 1958 tó jẹ́ kí ìjọba rẹ̀ lè ti èèyàn mọ́lé láìgbẹ́jọ́ wà lára ìdí náà. Òfin yẹn ló gbé J. B. Danquah, tí wọ́n jọ jà fún òmìnira, dé ẹ̀wọ̀n Nsawam, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1965.