Silica gel: ohun tó ń pa DNA ewé mọ́ láti oko dé ilé àyẹ̀wò

Silica gel ni hóró wẹ́wẹ́ inú àpò pélébé tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fa omi. Ẹni tó bá fẹ́ já ewé létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n lè yọ DNA rẹ̀, ìyẹn ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá ewéko náà, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ rà.

Bí a bá ti já ewé, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń mú kí ìyípadà yá nínú sẹ́ẹ̀lì, á tú síta, wọ́n á máa gé DNA. Omi ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Kí ewé ṣáà gbẹ kò tó, ó gbọ́dọ̀ tètè gbẹ: láàárín wákàtí 24, kó tiẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ewé tí a kàn tẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn lè dúdú, kó sì bu, kó tó gbẹ. Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú sípírítì ìdá 70 nínú 100, èyí tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oògùn: omi ṣì wà nínú rẹ̀, DNA á máa já níbẹ̀.

Ewé ọ̀dọ́ tó mọ́, tí kòkòrò kò jẹ, ló dára jù. Ẹ nù ún, ẹ yọ iṣan àárín tó nípọn, ẹ ya ìyókù sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi sínú àpò tíì tàbí ẹ́nfílọ́ọ̀pù. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti já a, torí yíǹkì máa ń ṣàn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó o sínú ọ̀rá onísíìpù pẹ̀lú silica gel tó wúwo tó ewé náà lọ́nà 10, ó kéré tán: gíráàmù 2 ewé, gíráàmù 20 silica. Níbí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù, torí àwọn èèyàn máa ń ṣún silica lò. Òdúndún, tí omi kún inú rẹ̀, ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ; ẹ rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí ẹ sì pààrọ̀ silica rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ewédú gbígbẹ ṣì máa yọ̀ tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ sínú omi àyẹ̀wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé àyẹ̀wò mọ̀ pé ewédú ni.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tẹ ewé náà. Tó bá ṣẹ́ péré, ó ti gbẹ. Tó bá ń tẹ̀ láìṣẹ́, ẹ fi silica tuntun rọ́pò. Tó bá jẹ́ irú silica tó ní hóró aláwọ̀ ọsàn ni ẹ lò, bí àwọn hóró náà bá ti di àwọ̀ ewé, wọ́n ti mu omi yó. Ẹ yan wọ́n nínú ófùn ní ìwọ̀n ooru 110 sí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí bíi mélòó kan, wọ́n á tún ṣeé lò.

Ẹ tún já ẹ̀ka kan tó ní òdòdó tàbí èso lára ewéko kan náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sáàárín ìwé kó gbẹ, kí ẹ fi nọ́ńbà kan náà sí i, kí àwọn onímọ̀ ewéko lè yẹ orúkọ rẹ̀ wò.