Òkìgbẹ́ tó jáde láti inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀

“Oògùn yẹn ti mọ́ mi lára, kò ràn mí mọ́.” Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu aláìsàn àti ọlọ́sìn adìẹ, ó sì ń da ọ̀rọ̀ rú. Kì í ṣe ara èèyàn ni oògùn apakòkòrò mọ́, kì í ṣe ara adìẹ náà. Kòkòrò àìfojúrí inú wọn ló ti rí ohun tí yóò fi kojú oògùn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò lo oògùn kan rí láyé rẹ̀ fi lè kó kòkòrò tí oògùn ọ̀hún kò ràn.

Ẹ wo colistin, oògùn apakòkòrò kan. Àwọn dókítà pa á tì ní nǹkan bí ọdún 1970 sókè nítorí ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Nígbà tí àwọn oògùn mìíràn ń kùnà, wọ́n padà lọ gbé e, ó di àdá tí wọ́n ń fà yọ bí gbogbo àdá yòókù bá ti kújú. Ní Ṣáínà, títí di ọdún 2017, àwọn ọlọ́sìn máa ń pò ó díẹ̀díẹ̀ mọ́ oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò ṣàìsàn rárá, kí ẹran lè tètè sanra. Ẹni tó bá fi irú àdá bẹ́ẹ̀ gé koríko ti ṣòfò rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Ṣáínà kéde jíìnì kan (ìlànà tí ẹ̀dá ń jogún), mcr-1, tí wọ́n rí lára E. coli, kòkòrò inú ìfun, ti ẹlẹ́dẹ̀ kan ní Shanghai. Colistin gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ kòkòrò kí ó tó fà á ya. Mcr-1 ń yí awọ yẹn padà, àdá kò wá ríbi mú. Òkìgbẹ́ gan-an ni. Kòkòrò tí colistin kò ràn ti wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ ọmọ wọn nìkan ló ń jogún rẹ̀. Orí plasmid ni mcr-1 wà ní tirẹ̀, òrùka kékeré kan tó dá dúró nínú kòkòrò, tó sì ṣeé dà kọ.

Ọlọ́ọ̀gùn tó bá ní òkìgbẹ́ kì í fi han aládùúgbò. Ọmọ tó fẹ́ràn jù ni yóò fi í lé lọ́wọ́. Kòkòrò kò mọ awo ṣe ní tirẹ̀. Èyí tó ní plasmid á na ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú sí ẹnìkejì, á fà á mọ́ra, á da òkìgbẹ́ kọ fún un, tirẹ̀ kò sì ní dín. Kò béèrè ìran. E. coli tó ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú ìfun lè fún Klebsiella tó ń pa aláìsàn ní ọsibítù. Oògùn díẹ̀díẹ̀ inú oúnjẹ ẹran ń ṣe ìyókù: àwọn tí kò ní ń kú, àyè ń gbòòrò fún àwọn tó ní.

Àwọn olùwádìí Ṣáínà yẹn rí mcr-1 lára ẹran ọ̀sìn 166 nínú 804, lára ẹran tútù 78 nínú 523, àti lára aláìsàn 16 nínú 1,322. Iná ìsebẹ̀ ń pa kòkòrò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹran tó wọ ìkòkò, ọ̀bẹ ti kàn án, ọ̀bẹ yẹn náà ló sì gé kùkúńbà tí a jẹ ní tútù.

Òkìgbẹ́ a máa ní èèwọ̀, ti kòkòrò náà ní. Gbígbé e kiri ń gba agbára. Níbi tí kò sí àdá, ẹni tí kò rù ú á yára bí sí i ju ẹni tó rù ú lọ. Ní ọdún 2017, Ṣáínà fòfin de colistin tí wọ́n ń fi mú ẹran sanra. Àwọn E. coli ẹlẹ́dẹ̀ tí colistin kò ràn ti tó ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2015 sí 2016. Ní 2017 sí 2018, wọ́n ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 5.

Wọ́n ti rí mcr-1 ní Nàìjíríà náà. Colistin wà lára àwọn oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi adìẹ níbẹ̀ láìpe dókítà ẹran. Bí adìẹ kò bá gbádùn, wọ́n á ní oògùn ti mọ́ ọn lára, wọ́n á sì bù kún un.