Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Ìlú Ọba: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ṣé wọ́n ń sanwó fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ní Ìlú Ọba ni?

Rárá o. Àwọn agbábọ́ọ̀lù gan-an ló ń sanwó: owó ẹgbẹ́, owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ BAFA tó ń darí eré náà, àti owó ọkọ̀. Tó bá di ọjọ́ Ajé, kálukú á gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò gbá a rí ńkọ́?

Ó lè bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òtútù ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gba ẹni tuntun, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ẹni tó sanra nípò, ẹni tó yára nípò. Efe Obada, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún péré fún ẹgbẹ́ London Warriors lọ́dún 2014 kí Dallas Cowboys, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbowó ní Amẹ́ríkà, tó mú un lọ́dún 2015. Irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀, ẹ má fi tìtorí ẹ̀ wọ ẹgbẹ́.

Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ rà?

Bàtà bọ́ọ̀lù, àti rọ́bà tí wọ́n ń há sẹ́nu kí eyín má baà ká. Kó má sáré ra akoto. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń yá ẹni tuntun ní tiwọn. Bó bá máa rà á, kó fi téèpù wọn orí rẹ̀ yí ká, lókè irun ojú díẹ̀. Tó bá wọ̀ ọ́, kí etí iwájú akoto fi nǹkan bí ínǹṣì kan ga ju irun ojú lọ, kí okùn àgbọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì le bákan náà. Kí ẹlòmíì wá di irin iwájú rẹ̀ mú, kó yí i sọ́tùn-ún sósì. Awọ iwájú orí gbọ́dọ̀ bá a yí. Bí akoto bá ń yí tí awọ dúró, ó ti tóbi jù, tàbí afẹ́fẹ́ inú tìmùtìmù rẹ̀ ti dín. Òtútù máa ń mú afẹ́fẹ́ náà sún kì, nítorí náà orí pápá ni kí wọ́n ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kì í ṣe inú ilé. Ẹni tó gé irun tàbí tú irun dídì gbọ́dọ̀ tún un wò. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò ìdè rẹ̀ bóyá ó ti sán.

Akoto ń dáàbò bo agbárí, kò lè ní kí ọpọlọ má mì. Èjìká ni wọ́n fi ń gbá ènìyàn mú, kì í ṣe orí. Ẹni tí òòyì bá kọ́ ti parí eré lọ́jọ́ yẹn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo pápá rugby?

Òpó góòlù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ti rugby fi mítà 5.6 jìnnà síra, igi ìdábùú rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 5.64 àti 3.05. Gígùn ló ń fa wàhálà: pápá Amẹ́ríkà jẹ́ yáàdì 120 láti òpó dé òpó, bíi mítà 110, ti rugby kì í ju 100 lọ. Nítorí náà wọ́n á gé pápá kúrú, tàbí kí òpó bọ́ sáàárín ibi tí wọ́n ti ń gba àmì ayò, kí wọ́n sì fi tìmùtìmù wé e.

Kí ló ń mú kí wọ́n fagi lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀?

Tí kò bá sí onímọ̀ ìṣègùn lórí pápá, bọ́ọ̀lù ò ní bẹ̀rẹ̀. Àìtó ènìyàn ló tún kù: nínú ẹgbẹ́ kan náà, mọ́kànlá ń kọlù, mọ́kànlá mìíràn ń dènà. Bí ìdajì bá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tó kù á máa ṣe méjèèjì pọ̀. Tó bá di abala kẹrin tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ á ti rẹ̀ wọ́n, ìgbà náà ni orúnkún ń yẹ̀. Lójú tiwa, ẹni tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sàn ju eléré tó yára bí ehoro tó ń wá nígbà tó bá wù ú. Kó jẹ́ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ bóyá òun ń bọ̀ tàbí òun ò wá.