Ibi tí ọ́ìlì mọ́tò ń gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á sẹ́yìnkùlé

Pípààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò nílé kò le rárá. Wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ṣàn dáadáa, wọ́n á gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì, wọ́n á pààrọ̀ fílítà, wọ́n á dè é padà, wọ́n á rọ tuntun sí i, wọ́n á sì fa géèjì yọ wò. Ewu tó tóbi jù níbẹ̀ ni kí ènìyàn rá wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Jáàkì lè yẹ̀ nígbàkigbà, nítorí náà sítáǹdì irin ni kó gbé mọ́tò dúró.

Ọ̀rọ̀ gan-an wà nínú abọ́. Bíi lítà 4 ọ́ìlì dúdú ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń dà á sí, ní ìdí ògiri, kí koríko má baà hù tàbí kí ikán má baà wá. Bí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n á ní, “Ṣebí inú ilẹ̀ náà ni wọ́n ti wa epo?” Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó dópin. Epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà jìn sísàlẹ̀ gan-an, ó jìnnà sí omi tí ènìyàn ń mu. Èyí tó ti inú ẹ́ńjìnì jáde sì ti yàtọ̀ sí i: ó ti kó ẹ̀húnrún irin àti bàbà tí ẹ́ńjìnì ń ha kúrò lára ara rẹ̀, èéfín bẹntiróòlù, àti kẹ́míkà tí ilé iṣẹ́ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ Èkìtì ló wá mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Irú àpáta tó yọrí síta ní Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ ló tẹ́ sábẹ́ ilé ní ọ̀pọ̀ ìlú. Orí rẹ̀ ni amọ̀ àti yanrìn wà, èyí tí àpáta náà jẹrà dì, kì í sì í nípọn púpọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọ inú amọ̀ náà lọ, á kan àpáta, á sì dúró síbẹ̀. Omi yẹn gan-an ni kànga ń fà.

Ọ́ìlì tí wọ́n dà sílẹ̀ ń gba ọ̀nà kan náà. Ilẹ̀ á kọ́kọ́ di púpọ̀ nínú rẹ̀ mú, ìdí nìyẹn tí ẹni tó dà á lẹ́ẹ̀kan fi rò pé ilẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán. Ilẹ̀ kò jẹ ẹ́. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ dé, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ afẹ́fẹ́ kò tó. Bí wọ́n bá ń dà á sójú kan náà lọ́dọọdún, yóò kọjá ohun tí ilẹ̀ lè dì mú, yóò sì dé orí omi. Kò ní rì, nítorí ó fúyẹ́ ju omi lọ. Orí omi ni yóò léfòó sí.

Ìgbà yìí ni ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ tó ní epo pupa lórí. Bí ọbẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, epo ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ó ń fa ìlà yíká. Bí wọ́n bá bu omi sí i padà, epo tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò á tún gbéra, á léfòó. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ń ṣe. Nígbà ọyẹ́, omi kànga á fà wálẹ̀, wọ́n á so okùn ìfami mọ́ òmíràn kó lè gùn. Ọ́ìlì á tẹ̀ lé omi sọ̀kalẹ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ amọ̀ ní gbogbo ibi tó bá kọjá. Nígbà tí òjò bá dé, omi á gòkè, á sì gbé e. Ẹni tó da ọ́ìlì ní oṣù kìíní lè má rí nǹkan kan títí di oṣù keje, kó wá rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú omi nínú garawa. Kò ní so ó mọ́ ohun tó ti ṣe. Ohun tí ojú rí yẹn sì kéré nínú rẹ̀: èyí tó ti yòrò mọ́ omi kì í hàn, síse omi kì í sì í yọ irin kúrò nínú rẹ̀.

Kí wọ́n dà á sí gọ́tà kò sàn jù, nítorí omi gọ́tà ń ṣàn lọ sínú odò. Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti sun. Ohun tó bá wọ odò níbẹ̀, ọ̀nà Òṣogbo ló forí lé.

Ọ̀nà tó dáa ti wà nílẹ̀, kò sì ná ni ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n gbé e fún mẹkáníìkì: ó ní dúrọ́ọ̀mù tó ń kó kọndẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, sí, àwọn káfíńtà ń wá a láti fi kun pákó òrùlé nítorí ikán, àwọn mìíràn ń rà á fi dáná iṣẹ́. Ọ́ìlì kì í gbó bí aṣọ. Ìdọ̀tí ló ń kún inú rẹ̀, kẹ́míkà rẹ̀ ló sì ń tán, nítorí náà wọ́n lè fọ̀ ọ́ kí ó tún wúlò. Ṣùgbọ́n bí omi, bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì bíréèkì bá dà pọ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ ìfọ̀ náà á nira gan-an. Nítorí náà kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, tó ní ìdérí, tí kò kó nǹkan mìíràn rí, ni kí wọ́n rọ ọ́ sí. Kí wọ́n da ojú fílítà àtijọ́ dé sórí abọ́ di ọjọ́ kejì, nítorí ọ́ìlì ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n sì wọ ìbọ̀wọ́: ọ́ìlì tí wọ́n ti lò nínú ẹ́ńjìnì lè fa jẹjẹrẹ sára awọ ẹni tí ó ń kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé orí ilẹ̀ lásán ni dúrọ́ọ̀mù púpọ̀ wà, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti dú, tó sì ń yọ̀. Bí wọ́n bá da simẹ́ńtì sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n mọ etí yí i ká, èyí tó bá ń ta sílẹ̀ kò ní rí ilẹ̀ wọ̀.